Bọ́ọ̀lù Irin Tó Ń Dán

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ gbogbo nǹkan. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ eyín, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kan páànù òrùlé, ó sì mọ ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe sí iná mànàmáná. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlúpéjú ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á ka páálí tó wọlé, á ka páálí tó jáde, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá dé ilé wọn ní Àgùdà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ẹ ó rò pé òun ló kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo ti fi ọ̀wọ̀ pè é tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó sì rí ohun tí ọ̀wọ̀ náà bà jẹ́.

Wẹ́dà ni mí nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí ọ̀gá mi ṣe fírídọ̀mù fún mi, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mushin. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí wa ti wá, Èkó ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Àǹtí mi. Kí wọ́n tó ní ọkọ̀, ìdájí ni wọ́n ti máa ń dúró ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù nínú aṣọ funfun, kọ́ńdọ́kítọ̀ á fi ọwọ́ tó dọ̀tí tì wọ́n wọlé, àmì ìka rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn aṣọ wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan, àlòkù, owó ara wọn ni wọ́n sì fi rà á. Ọkọ wọn ò dá sí i, nítorí náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìborùn ara wọn ni Àǹtí mi fi ń nu gíláàsì ọkọ̀ yẹn láràárọ̀.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Mẹkáníìkì kan ní Ìlúpéjú ní òun á tún un ṣe bí wọ́n bá lè gbé e wá. Gbogbo Èkó pátá, okùn la fi ń fa ọkọ̀ tó bá kú. Ọkọ Àǹtí mi yarí. Ó ní òun kọ́ ni wọn ó rí tó ń fi okùn fa ọkọ̀ káàkiri bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ó lọ yá píkọ́ọ̀pù ọ̀gá rẹ̀, ó sì yá tírélà mọ́ ọn. Kì í ṣe tírélà agbépo o. Pẹpẹ irin oní-táyà mẹ́rin ni, tí wọ́n ń gbé odidi ọkọ̀ lé lórí.

Bọ́ọ̀lù irin kan báyìí ló ń so irú tírélà bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fà ni bọ́ọ̀lù máa ń wà, ẹnu tírélà á wá bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á sì tì í pa. Bí ẹnu bá fi díẹ̀ tóbi ju bọ́ọ̀lù lọ, ó ṣì máa dà bí ẹni pé ó wọlé dáadáa. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Píkọ́ọ̀pù ọ̀gá yìí ò ní bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, ni ọkọ Àǹtí mi bá lọ rà á fúnra rẹ̀. Kò mú ìwọ̀n kankan dání. Èyí tó ń dán jù lórí àtẹ ló gbé, bí ẹni ń yan bọ́tìnnì kóòtù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá bá wọn gbé ọkọ̀ náà ní Àgùdà, mo fi kálípà, irin tí a fi ń mọ ìnípọn nǹkan, wọn bọ́ọ̀lù náà. Ìǹṣì méjì ni wọ́n tẹ̀ sórí ẹnu tírélà, gbàgàdà báyìí, afọ́jú fọwọ́ kàn án á mọ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń dán yìí fi ìnípọn kọ́bọ̀ méjì dín sí i. Mo fi sùúrù sọ fún un, mo ń pè é ní Bọ̀dá, mo ń pè é ní ẹ̀yin. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ilé ìwé tí o ò parí yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ ní èyí?”

Ó ní kí wọ́n gbé agolo mílíìkì kan wá. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó wé e mọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì ti ẹnu tírélà bò ó. Ó ní ó ti fún báyìí, ká máa mánéèjì ẹ̀. Agolo mílíìkì o! Mo ní kí n fi jáàkì gbé ọrùn tírélà sókè díẹ̀, ká wò ó bóyá á yọ. Ó ní kí n má fi àkókò òun ṣòfò. Mo ní kí a fi ṣéènì dè é pọ̀ lábẹ́. Ó ní ṣéènì á ha ọ̀dà ọ̀gá òun. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù oní-ìǹṣì méjì kan wà nínú àpò iṣẹ́ mi, dúdú, gíríìsì ló bò ó. Láti Mushin ni mo ti gbé e wá, torí mo mọ irú ẹni tí mò ń lọ bá.

Àǹtí mi wá jáde. Wọ́n wo tírélà, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ìwọ lo mọ irin. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?”

Ọkọ wọn dúró síbẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá wa pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ já ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nírọ́ lójú ìyàwó rẹ̀ láéláé, torí bí àlejò bá lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ló máa fara gbá a nínú ilé.

“Ó dára, mà,” ni mo wí.

A ti ọkọ̀ búlúù gun orí tírélà, a sì gbéra. Àwọn méjèèjì wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, mò ń wo ẹnu tírélà tó ń jó lórí bọ́ọ̀lù. Ní gbogbo ibi tí a ti dúró, mo lè fọwọ́ lu páànù kí n ní kí ó páàkì. Mi ò lù ú. Nígbà tí a wọ Mushin, ó fi eré gun kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ la títì kọjá. Ẹnu tírélà fò sókè, ó sì jábọ́. Ó fi ọrùn wọ́lẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dojú dé sínú gọ́tà, tòun tọkọ̀ búlúù lórí. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni bẹ́ǹṣì obìnrin alákàrà kan wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ pọnmi ni. Òrùlé ọkọ̀ ti wọlé dé orí ìjókòó.

Ọkọ Àǹtí mi bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó gbẹ́ títì. Ó bú ìjọba. Ó ní ayé ò fẹ́ kí èèyàn ga. Kò wo ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rárá.

Àǹtí mi ló wò ó. Wọ́n ṣa agolo tó ti ya nílẹ̀, wọ́n yí i wò, wọ́n rìn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì na ọwọ́ sí àpò mi. Mi ò mọ ohun tó sọ fún wọn. Bóyá bí mo ṣe dì í mọ́ra ni. Wọ́n mú bọ́ọ̀lù dúdú jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò nu gíríìsì, wọ́n ka ìǹṣì méjì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

“Láti àárọ̀ ló ti wà níbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n dá a padà sínú àpò, jẹ́jẹ́. Wọn ò bú mi. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gba Àgùdà kọjá, mo rí wọn ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù, nínú aṣọ funfun. Ọkọ wọn ńkọ́? Ó ṣì ń sọ kiri pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù gidi. Òpònú ni, mo sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òpònú ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, géètì ilé wọn já. Wẹ́dà mìíràn ni Àǹtí mi pè.