Pánda Ò Fẹ́ Ọsàn Wẹ́wẹ́

Náírà márùn-ún ni wọ́n ń ta ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, nígbà náà. Èmi kì í rà á, eyín mi ò gbà á. Pánda ni mo ń tà: ṣéènì àti yẹtí tí wọ́n fi góòlù fẹ́ẹ́rẹ́ bò lórí. Àwọn tó kù nítòsí ìsọ̀ mi ń pe irú ọjà kan náà ní góòlù. Èmi a máa la ẹnu mi pé, "Pánda ni o. Bẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀, á lo ọdún méjì, mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá ń fi wẹ̀, ẹ má padà wá bá mi." Inú wọn kì í dùn sí mi. Ṣé àwọn ló bí mi ni?

Ẹni tó bá rà á, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dì í fún un. "Ẹ kọ́kọ́ fín lófínńdà, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi sọ́rùn. Ẹ má fi sùn, òógùn lọ̀tá ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fi aṣọ tó rọ̀ nù ún, kẹ́ ẹ fi òwú wé e." Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Etí kan ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà kan láti Alekuwodo ra ṣéènì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́, ó padà dé, ó kó èrò lẹ́yìn. Ṣéènì náà ti pọ́n bí ìṣó tó dípẹtà. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi ló kọ́kọ́ pariwo pé mò ń ba àwọn lórúkọ jẹ́. Wọ́n fà wá dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, tèmi tàpótí ọjà mi. Ìyálọ́jà ní kí n dá owó padà, tàbí kí n kó ẹrù mi kúrò lọ́jà.

Mo lóṣòó síwájú wọn. Ìjẹ̀ṣà ni mí, láti Iléṣà. Àwọn bàbá wa a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn.

"Ìyá, tèmi yàtọ̀ o. Mo lóṣòó kí n má baà san."

Ìyálọ́jà fi ìborùn bo ẹnu.

Mo yíjú sí ìyá àgbà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú. Bá a ṣe ń fọ idẹ ìyá mi nìyẹn, ó ń dán dòní."

"Idẹ ìyá yín, idẹ ni dénú. Èyí, ẹ̀wù ló wọ̀. Ẹ bọ́ ọ síhòòhò tán, ẹ wá ní èmi ni mo tà á láìwọṣọ."

Mo ra ọsàn mẹ́ta, mo tọrọ eérú, mo mú ṣéènì tuntun nínú àpótí mi, mo sì ha ìdajì rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìdajì ń dán, ìdajì pọ́n. Mo na ọsàn tó kù sí aládùúgbò mi.

"Góòlù gidi kì í bẹ̀rù ọsàn. Gbé tìẹ wá ká fọ̀ ọ́."

Ó ní òun gbé ẹ̀wà kaná nílé, ní Dàda Estate. Ó lọ.

Ìyálọ́jà ní kí n padà sí ìsọ̀ mi. Ìyá àgbà wá rọra bi mí bóyá irú ṣéènì yẹn ṣì kù.

"Ó ku ọ̀kan mà. Ìdajì ẹ̀ ló ń dán."

Ọgọ́sàn-án náírà ni mo ra ṣéènì tí mo bà jẹ́. Ká ro owó ọsàn mọ́ ọn, iye tí ìsọ̀ mi ná mi lọ́jọ́ náà jẹ́ igba náírà ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.