Ẹ̀rí Tí Mo Ní Kí Àbẹ̀kẹ́ Mú Wá

Agogo ìsinmi ti lù, àwọn ọmọ ti padà wọlé. Mo ṣí ìwé orúkọ, mo pe Àbẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tó dáhùn. Síléètì rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì níbi tó fi í sí. Ọmọ ọdún méje ni. Mo mọ ohun tí mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọdún kẹta mi nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Sabon Gari, ní Sáríà, ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun ńlá kejì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń kọ́ni. A ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ajé, a ó tún wọn tò padà ní ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ọmọ oníṣòwò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń kí mi, ṣùgbọ́n tí ìjà bá dé, Hausa ni wọ́n fi ń bú ara wọn, ó sì máa ń dùn lẹ́nu wọn. Èyí ń bí mi nínú gan-an. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo sì gbà pé iṣẹ́ tèmi ni láti má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọnù sí ìlú onílùú.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀: Ìlú Mi àti Àwọn Ènìyàn Mi. Ọmọ á dìde, á sọ orúkọ bàbá rẹ̀, á sọ ìlú rẹ̀, á ki oríkì tí wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dúró sí apá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á lọ sí apá òsì, lẹ́bàá ògiri, títí á fi lọ béèrè wá. Mo tilẹ̀ máa ń fi ọ̀pá lu tábìlì bí adájọ́. Ẹ sáà wò mí.

Nígbà tó kan Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀ yẹn, ó ní, “Sáríà ni ìlú mi, sà.”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Sáríà kì í ṣe ìlú ẹnikẹ́ni nínú wa. Níbo ni ilé yín?”

“Níbí, sà. Níbí ni wọ́n bí mi sí.”

“Ta ló rí i? Lọ dúró sí apá òsì. Ọjọ́ tí o bá mú ẹ̀rí wá, wàá jókòó.”

Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yẹn ṣe. Òun nìkan ló wà lẹ́bàá ògiri lọ́jọ́ náà, kò sì sunkún.

Nígbà tí mi ò rí i lẹ́yìn ìsinmi, mo fi kíláàsì lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, mo sáré lọ sílé wọn. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kafanchan. Ìyá rẹ̀ ń lọ ẹ̀wà àkàrà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Àbẹ̀kẹ́ wálé?”

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọlọ. “Tíṣà, ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà.”

Mo ní bóyá ó lọ ra nǹkan jẹ. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ìyá náà bà mí, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ bà mí, mo tún ń bẹ̀rù fún iṣẹ́ mi. Ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Òjò ti ń ṣú. Ojú irin ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé òun ló lọ sí ìlú àwọn bàbá wọn. Mo rò pé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọ̀fà, ìlú bàbá tirẹ̀. Mò ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, mò ń pe orúkọ rẹ̀. Mo rí nǹkan pupa kan lókèèrè, mo rò pé òun ni, mo sáré débẹ̀, àkísà ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Kano ń kọjá, mo dijú, mi ò fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún ojú irin ṣe ní òun kò rí ọmọ kankan, pé kí n lọ wo etí odò Kubanni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá mi. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. “Tíṣà, kí lẹ sọ fún ọmọ mi?”

Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò gbá mi létí.

“Ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá,” ó ní. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà Tudun Wada, mo tẹ̀lé e.

Ilé ìyá àgbà Hausa kan tó ń jẹ́ Inna Delu ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí Àbẹ̀kẹ́ sí. Òjò ti dé kí a tó débẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi màngórò, ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àfọ́ ìkòkò gbẹ́ ilẹ̀. Inna Delu na ẹní bò ó lórí kí òjò má baà pa á. Ihò náà ti gba apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Olóbi rẹ̀ ló ń wá, èyí tó tẹ̀lé e jáde láti inú ìyá rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ti fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án kó tó kú. Ó fẹ́ gbé e wá fún mi.

Mo fẹ́ fà á dìde. Inna Delu na ọwọ́ dí mi.

“Wannan 'yarmu ce,” ó ní, kò pariwo. “A nan aka haife ta.” Ọmọ wa nìyí, níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ní òun lòun yá bàbá rẹ̀ ní ọkọ́ tó fi sin olóbi náà.

Àbẹ̀kẹ́ gbójú sókè. “Mi ò tíì rí i, sà. Ṣé mo ṣì máa dúró sí apá òsì?”

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní ó ti tó, mo sì sunkún lójú ìyá rẹ̀. Mo bá a fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ dí ihò náà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo rántí pé oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́yìnkùlé mi ní Sabon Gari, mo tẹ ilẹ̀ bákan náà lórí olóbi àkọ́bí mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá nígbà tí mò ń lu tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì ní kíláàsì, mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé níbo ni ìlú rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo ọ̀pá mi, kó tó dáhùn. “Ọ̀fà, sà.”

Mo ti fẹ̀rù kọ́ ọ ní irọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò gbọ́ ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ mọ́.

Mo fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí tábìlì, mo rìn lọ sí apá òsì, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mo sọ orúkọ bàbá mi. Mo ní, “Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Sáríà ni wọ́n bí ọmọ mi sí.” Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ tó kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó wá dúró tì mí, ó di etí aṣọ mi mú, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Sáríà, sà.”