Dúrọ́ọ̀mù Ọtí Tí Wọ́n Ní Kí N Gé

Ẹnu mi kò kan ọtí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀fun mi ni mò ń gbèjà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mùsùlùmí ni mí, ajórin tí wọ́n ń pè ní wẹ́dà sì ni mí. Lọ́dún 1999 ni mo kó irinṣẹ́ mi wá sí Pọtakọ́ọ̀tù, tí mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá gáréèjì Rumuokoro. Géètì, fèrèsé onírin, àga, ọmọlanke, kò sí èyí tí n kò jó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bí mi nínú jù láyé mi, tó ṣì ń bí mi nínú títí dòní, iṣẹ́ ọtí ni.

Ìyá kan ló gbé iṣẹ́ náà wá. Opó ni, ará apá odò, ó ń gbé ní Oyigbo, ibẹ̀ ló sì ti ń se ògógóró, èyí tí wọ́n ń pè ní káíkáí lọ́hùn-ún. Ó ní òun fẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí irin rẹ̀ nípọn, tí ìdérí rẹ̀ kò ní jò, tí páìpù bàbà yóò ti orí rẹ̀ jáde. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi lórí ìdúró. Ògùrọ̀ tó ti kan fún ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á wá dáná sí i nídìí. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, páìpù á la inú ọpọ́n omi tútù kọjá, ibẹ̀ ni ooru ti ń di ọtí, tí á máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Mo sọ fún ara mi pé irin ni mò ń tà, n kò ta ọtí. Àwọn tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Àlàájì Dúrọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé Mẹ́kà.

Mo parí iṣẹ́, mo gbé e lọ fún un. Ìyá fa ọ̀bẹ yọ, ó fi ha ibi tí mo ti so páìpù mọ́ ìdérí. Ibẹ̀ rọ̀. Òjé ni mo yọ́ sí i, òjé inú bátìrì ọkọ̀, nítorí pé ó yá, kò sì ni èèyàn lára. Ìṣe wa ni ní ṣọ́ọ̀bù. Rédíétọ̀ tó bá ń jò, táńkì tó bá lu, òjé la fi ń dí i. Ìyá wò mí bí ẹni wo ọmọ tó yàgbẹ́ sínú kànga.

"Ọ̀gá Wẹ́dà, you wan make I kill person pikin?"

Ó ní ooru ọtí máa ń fọ òjé, òjé á sì bá ọtí lọ sínú ẹni tó bá mu ún. Kò ní pa á lónìí, kò ní pa á lọ́la, ṣùgbọ́n yóò bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá náà se ọtí láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n sì tì í mọ́lé fún un, nítorí àwọn òyìnbó fòfin de ọtí tí aráàlú ń sè kí tiwọn tó ń bá ọkọ̀ ojú omi bọ̀ lè rí ọjà. Ó tún sọ fún mi pé ìgò tó bá kọ́kọ́ kán, òun kì í tà á, dídà ni òun ń dà á nù, nítorí orí ọtí kò dára fún ènìyàn. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù padà sí Rumuokoro, mo ha òjé dànù, mo fi idẹ jó o. Ojú tì mí, ká má parọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Mélòó nínú àwọn tó ń ta ohun àtẹnujẹ fún wa nínú ìlú yìí ló ń ro irú àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọtí yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ọtí yẹn nìkan ló sì ní.

Nígbà tí mo ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún nílùú yìí ni wàhálà dé. Àwọn kan mu ọtí, ojú wọn fọ́, wọ́n sì kú. Ó dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mu? Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni sè lórí iná. Kẹ́míkà ni, èyí tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí àwọn ọ̀dàlẹ̀ kan rà ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n bu omi lù, tí wọ́n sì pè ní káíkáí. Èyí yá ju kí èèyàn máa ṣọ́ iná láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo gáréèjì ló mọ̀. Ìjọba náà mọ̀, nítorí àwọn dókítà ló fẹnu ara wọn sọ ọ́. Kí wá ni ìjọba ṣe? Wọ́n fòfin de ògógóró pátápátá, èyí tí wọ́n sè àti èyí tí wọ́n pò. Ọtí inú ọ̀rá tí àwọn awakọ̀ ń fi eyín ya mu ní Rumuokoro kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ó ṣáà ti ní òǹtẹ̀ lára. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ti àwa yìí kò wo ìka rárá. Ẹni tó pò ó ti sá lọ, ẹni tó sè é jókòó sílé rẹ̀, òun náà ni wọ́n lọ bá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan tó ní àmì ìjọba lára dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ló bá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ọmọ Ọ̀yọ́ lòun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé irin kan. A fi àáké gé e lánàá, kò ràn án. Ẹ gbé gáàsì yín, a ó gbé yín lọ, a ó sì gbé yín bọ̀."

"Irin kí ni?"

"Irin lásán ni, ẹ̀gbọ́n. Oyigbo ni, kò jìnnà."

Mo ti mọ̀. Kí ló dé tí n kò fi kọ̀? Ẹ̀rù ló bà mí. Èmi tí mo jó dúrọ́ọ̀mù fún alásè ọtí, èmi náà ti wà létí òfin, bí mo bá sì ní n kò lọ, wọ́n á bi mí léèrè ìdí. Mo gbé gáàsì sínú ọkọ̀ wọn bí ọmọ dáadáa.

A bá ìyá lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrò rẹ̀. Ojú àáké wà lára dúrọ́ọ̀mù káàkiri, kò sí èyí tó wọlé, nítorí irin páìpù epo àlòkù ni mo fi ṣe é. Ìyá rí mi, ó rí gáàsì mi, kò kí mi. Mo fa ọmọ Ọ̀yọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àbúrò, ìyá yìí kọ́ ló pa èèyàn. Ẹ bu ọtí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ ó rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, àyẹ̀wò kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Kí a bà á jẹ́ ni wọ́n kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi bébà we ìgò ọtí ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sínú búùtù ọkọ̀ wọ̀ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to ẹyin. Mo bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, kí n tètè ṣe é.

Wọ́n da ògùrọ̀ gbígbóná tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀. Mo ṣáná sí gáàsì, mo sún mọ́ ọn. Ìgbà náà ni ìyá pariwo mọ́ mi pé kí n dúró. Ooru ọtí ṣì kún inú dúrọ́ọ̀mù náà dẹ́nu, bí iná bá kàn án, bíbú ni yóò bú gbàmù. Kò sí ọmọ iṣẹ́ mi tí n kì í kọ́ ní èyí, kí wọ́n bomi kún ohunkóhun tó bá ti gba epo tàbí ọtí rí kí wọ́n tó gbé iná sún mọ́ ọn. Ìtìjú ti gba ọgbọ́n orí mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sá sẹ́yìn. Ìyá ló dìde, tó gbé garawa tirẹ̀, tó ń pọnmi láti inú ọpọ́n, tó ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù títí ó fi kún. Ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́, èmi náà kò ràn án lọ́wọ́.

"Oya, cut am now," ó ní. "E no go blow you."

Ó yẹ kí n pa iná yẹn, kí n gbé gáàsì mi, kí n fẹsẹ̀ rìn padà sí Rumuokoro. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gé e. Bí irin ṣe ń là, bẹ́ẹ̀ ni omi tí obìnrin náà pọn nítorí ẹ̀mí mi ń tú jáde sí mi lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a gbọ́ pé ìjọba ti dẹ ọwọ́ òfin náà, pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ lè máa se ọtí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sọ pé a ṣì í ṣe. Mo wọ mọ́tò lọ sí Oyigbo. Ìyá ti gbó gan-an, ẹ̀pà sísun ló ń tà lójú ọ̀nà, ó sì fún mi ní àga. Mo sọ fún un pé màá jó dúrọ́ọ̀mù tuntun fún un láìgba kọ́bọ̀, bàbà gidi, idẹ gidi, màá sì bá a sáré ìwé àṣẹ ọ̀hún. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, kò sì bínú rárá.

"Ọ̀gá Wẹ́dà," ó ní, "if dem change law again, who dem go carry come cut am?"

Mo ń wá orúkọ ẹlòmíràn tí mo lè dá, orúkọ tèmi nìkan ni mo rí.