Oyún Nàfísátù Kọ́: Ìdágbére fún Ẹ̀gbọ́n Mi Mẹmúnà

Ó di ojú àlá o, Ẹ̀gbọ́n mi Mẹmúnà. Ẹnu mi ò tíì lè pè yín ní olóògbé. Nígbà tí Bàbá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àbúrò sínú ìwé àdúà yìí, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ẹlòmíì, nítorí ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní yunifásítì, mi ò sì mọ̀ bóyá mo lè kọ ohun tó yẹ yín. Bàbá kọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀làwọ́ obìnrin tí kì í jẹun láìbu ti aládùúgbò sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́yàyà tí ọ̀dọ̀ yín kì í dá. Níbi tí ẹ ti ń ta aṣọ lọ́jà Sokodé, èdè Tem tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lẹ fi ń ná ọjà, Haúsá lẹ fi ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n bí inú bá bí yín, Yorùbá Kambolé, ìlú wa, ló máa ń jáde. Mo rántí obìnrin kan tó ná aṣọ títí tí kò rà á. Ẹ gbé àga fún un, ẹ ní kó kúkú jókòó, ó ti di ọmọ ìyá yín. Èmi tí àyà mi máa ń já ṣáájú gbogbo ìdánwò, ẹ ó ní, “Kọ́kọ́ jókòó dáadáa, lẹ́yìn náà kí o wá bẹ̀rù.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yege báàkì, ìdánwò tó gbé mi dé yunifásítì.

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ yín ga, ẹ wá sí Kambolé láti bímọ lọ́dọ̀ Ìyá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé wa. Ẹ fi ohun líle kékeré kan nínú ọyàn yín han àwọn àgbà obìnrin. Wọ́n ní wàrà ló tètè dì. Wọ́n ń fi òrí pa á, wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tìfẹ́tìfẹ́.

Ẹ bí Nàfísátù tán, ohun náà ò lọ; ńṣe ló ń tóbi sí i. Ní ilé ìwòsàn ní Sokodé, dókítà bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ṣe jẹjẹrẹ ọyàn rí. Ìyá ní rárá, wọn ò sì purọ́, torí kò sí nínú ìran tiwọn. Àwa kì í bèèrè àìsàn ọyàn nínú ìran bàbá. Obìnrin ilé wa tó bá sì ti lọ sílé ọkọ ní òdìkejì ibodè, ní Benin, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, a kì í sọ ohun tó pa á.

Ní Lomé, wọ́n tún bèèrè. Bàbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Àwọn àbúrò mi obìnrin méjèèjì. Òun ló pa wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó lè gba ara mi kọjá.”

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ni. Dókítà ní àléébù kan wà tí òbí lè bí mọ́ ọmọ, tí ọkùnrin lè gbé kiri láìmọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bi í bóyá oyún ló fà á. Ó ní oyún kọ́, pé àwọn obìnrin tó ní irú rẹ̀ ń lóyún, wọ́n ń bí, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ. Ọyàn tó ń múra sílẹ̀ fún wàrà ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ tó fi pẹ́ kí a tó mọ̀.

Nígbà tí ara ò gbé e mọ́, ẹ fà mí mọ́ra, ẹ ní, “Wọ́n á sọ pé ọmọ yìí ló pa mí. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ kí o tó sọ òótọ́ fún un.”

Wọ́n ti ń sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Níbi àdúà ọjọ́ kẹta, obìnrin kan gbé Nàfísátù lé ẹsẹ̀, ó ń ṣàánú rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ burúkú ló fi wá sáyé. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà, ohùn mi ò jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹbí yóò ti kà á.

Bàbá ti gun alùpùpù akérò tí à ń pè ní zẹ́mí kọjá ibodè. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọbìnrin tí àbúrò wọn bí, wọ́n pe orúkọ àìsàn náà lójú wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Èmi náà yóò ṣe àyẹ̀wò. Mi ò mọ èsì tí n óò bá, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Ṣùgbọ́n èsì yòówù kó jẹ́, lọ́jọ́ tí Nàfísátù bá bi mí pé kí ló pa ìyá òun, n óò sọ fún un pé àìsàn tó ti wà nínú ìdílé wa kí wọ́n tó lóyún rẹ̀ ni, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni ayọ̀ tí ìyá rẹ̀ rí gbẹ̀yìn.

Ti Ọlọ́run la jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Kó fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ọmọ yín kò jẹ̀bi nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi Mẹmúnà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ sùn re o.

Àbúrò yín,
Ráhìmátù