Òṣùká Tí Zachariah Fi Ṣokoléètì Ká

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti jókòó?

A ti jókòó, ẹ máa wí.

Ìtàn mi yọ́ gẹ́rẹ́, ó yọ́ gẹ̀rẹ̀, kò yọ́ lé ẹlòmíì lórí bí kò ṣe olóògbé Zachariah ará Ọ̀kà, àgbẹ̀ kòkó tó fi ṣokoléètì mọ iṣu, tí wọ́n sì gbé iṣu náà kaná ní Ìkàrẹ́.

Ọjọ́ ìdána ọmọ rẹ̀, Ilésanmí, ni. Zachariah ti yan kòkó oko ara rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó po ṣúgà mọ́ ọn, ó fi mọ odindi iṣu. Ó fi ọ̀rá kòkó àti mílíìkì ṣe inú rẹ̀ kó lè funfun. Ó tiẹ̀ fi irun sí i lára. Ó wá gbé e lé orí àwọn iṣu tí wọ́n kó lọ fún àna, kí àlejò lè máa wò ó. Àṣé iṣu orí ẹrù ni àwọn ìyàwó ilé máa ń kọ́kọ́ bẹ, kí àna má baà fi ebi lọ sílé.

Hafsoh, ìyáálé wọn, ló ṣí ìkòkò. Ó ní, “Mo gbé iṣu kaná, tíì ni mo ṣí bá.”

Ojú ti gbogbo ará Ọ̀kà. Zachariah ní tirẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná.

“Ẹ̀yin àna mi, ṣé ẹ bẹ ẹ́?”

“A bẹ ẹ́, Bàbá.”

“Ẹ gé e?”

“A gé e.”

“Ẹ ò fura?”

“A ò fura rárá. Ẹ má bínú.”

Ni Zachariah bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lórí eérú.

Wọ́n bu omi iṣu náà mu kárí. Naomi, ìyàwó Zachariah, nìkan ni kò fẹnu kàn án. Oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ikun ló dàgbà sí.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Tọ́ ọ wò, Ìyá Ilésanmí.”

“Kòkó ni mo rù láìsí òṣùká tí ọrùn mi fi kúrú báyìí. Kò tún ní í gba inú ọrùn náà kọjá.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Zachariah ju iṣu tó yọ́ lọ. Ó búra pé Naomi máa tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun wò dandan. Naomi fẹ́ràn obì, Zachariah bá fi ṣokoléètì mọ obì fún un. Naomi ní, “Obì yìí ń làágùn,” ó jù ú sí ewúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ewúrẹ́ fi ń tẹ̀ lé Zachariah kiri.

Zachariah tún mọ ìgbín. Naomi fi omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí kò fi ku nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Ilésanmí, ìgbín yín dọ̀tí dé eegun.”

Nígbà tí Zachariah kú, wọ́n sìn ín tán, àlejò lọ tán. Naomi ṣí fíríìjì, ó rí òṣùká kan níbẹ̀, ó ká roboto bí aṣọ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́. Ó mọ ẹni tó ká a. Ó mọ ẹni tó ká a fún.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e lé orí, ó jókòó sínú oòrùn ẹ̀yìnkùlé. Òṣùká bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó gba iwájú orí, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú, ó dé ètè.

Naomi lá a.

“Ṣúgà rẹ̀ kéré, Bàbá Ilésanmí,” ló wí. Ó sì lá ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ìtàn mi yọ́ tán. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀, ẹ lọ sùn. Ìwọ Àyànfẹ́olúwa, pa fíríìjì yẹn dé. Naomi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀.