Olóòtú Tó Kọ Ìtàn Ara Rẹ̀

Ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Olóòtú ni ọjọ́ tó kọ̀wé sí ara rẹ̀ pé òun kò mọ ìtàn kọ.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló ti ń ṣe ìwé ìtàn orí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìtàn ohun tójú kò rí rí: ìlú abẹ́ òkun, ilé tó ń rìn, aago tó ń sunkún. Orí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Kó má baà ṣe ojúsàájú, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò kó tó ka ìtàn. Lọ́jọ́ kan, Olóòtú ki ìtàn tirẹ̀ bọ àárín èyí táwọn òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́. Ìtàn tó wà nílẹ̀ pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà sì falẹ̀; ọdún méjì kọjá kó tó kan tirẹ̀. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó kọ èsì: "Òǹkọ̀wé wa ọ̀wọ́n, ìtàn yín gùn bí ọjọ́ ebi. Ẹ sinmi díẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Olóòtú, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Mi ò fẹ́ mọ̀. Ó jọ ẹni tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀."

"Ẹ̀yin ni."

Olóòtú yí padà sí kọ̀ǹpútà. "Ó dáa. Fi ránṣẹ́ sí mi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bá mi fi kún un pé kí n má banújẹ́."

Ọjọ́ méjì gbáko ni Olóòtú kò fi bá olóòtú tó kọ ìtàn rẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò yéé bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Ìtàn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni mò ń gbé jáde, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ nìyẹn!"

"Irọ́ ni lóòótọ́. Èmi ló ń bá wọn fi àmì ohùn sí i."

"Ìwọ alára kì í kọ ìtàn ni?"

"Mò ń kọ ọ́. Láàárọ̀, mo máa ń kọ tèmi. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń kọ tàwọn ẹlòmíì."

"O ṣeun, àbúrò mi. Ó dáa kéèyàn máa ran ọmọ ẹlòmíì lọ́wọ́."

Kò ní ìgboyà láti ṣàlàyé irú kíkọ̀ tó ń kọ̀ wọ́n.

Èèyàn bí ogójì ló máa ń kà wọ́n lóṣù. Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Olóòtú jó láti yàrá ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbá ère tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ aṣọ títà fún wó. Àṣé àkọlé ìtàn tuntun kan ló fà á, "Bí A Ṣe Ń Gba Físà Òṣùpá". Àwọn tó ń wá físà gidi ni wọ́n ṣìnà débẹ̀. Ẹnì kan bèèrè ibi tí ọ́fíìsì wà. Olóòtú fèsì pé: "Orí òṣùpá ni. Ẹ mú fọ́tò méjì dání." Ẹni yẹn tún bi í pé ṣé kí ẹ̀yìn fọ́tò náà funfun.

Olóòtú jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn wọlé mi," ló wí, "kò sẹ́ni tó wá bá mi nínú wọn."

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì wá kí ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ má bínú, níbo lẹ ti mọ ọkọ mi?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n kọ ìtàn mi, mà. Wọ́n ní kò tíì jinná."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀keje wá ńkọ́?"

"Nígbà tí wọ́n ka ìyẹn tán, wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo ní, 'Ẹ ǹlẹ́, sà.' Ẹkún ni wọ́n ń sun. Nígbà tó yá, wọ́n ní, 'Má bínú, ọmọ mi. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti ń retí ẹ.'"

Aránṣọ fa àga sún mọ́ tirẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ ka ìtàn náà fún mi."