Ásíìdì Tí Wọ́n Ní Ọkọ Mi Bomi Là

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ń tọ́jú àgbá omi gbígbóná nílé ìfọṣọ tí èmi náà ti ń lọ aṣọ. Omi á fi èépá funfun líle bí òkúta sílẹ̀ nínú àgbá. Àǹtí á fi òòlù kékeré wọn fọ́ ọ túútúú, wọ́n á wá da ásíìdì sí i. Á hó ṣùù, á yọ́, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òòlù yẹn o.

Àfi bí ásíìdì ò ṣe ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á dà á sí i láàárọ̀, ilẹ̀ á ṣú, èépá á ṣì wà níbẹ̀. Àǹtí ò wọ̀tún, wọn ò wòsì, wọ́n ní ọkọ mi tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù tí ásíìdì wà ló ń bomi là á, tó ń ta ìyókù. Àbúrò tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọ̀gá ní bó bá jẹ́ òótọ́, ọkọ mi á fiṣẹ́ sílẹ̀.

Inú bí mi, àbí kí n purọ́? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Kí ló dé tí wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ aṣọ? Kí ló dé tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ra ṣiṣẹ́? Mo ní àwọn gan-an ló ń tà á.

Lọ́jọ́ kan, mo já wọlé bá wọn. Èépá wà nínú àgbá ní odidi, kò sí èyí tí wọ́n fọ́. Mo pariwo pe ọ̀gá. Mo gbé òòlù, mo la èépá kan sí méjì, mo lọ ìdajì kúnná, mo fi ìdajì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kó wọn sínú àwo méjì, mo da ásíìdì inú kẹ́ẹ̀gì kan náà sí méjèèjì. Èyí tó kúnná hó dé ẹnu àwo. Ìkejì kàn ń ṣe ṣìì, ṣìì, bí ẹni tí wọ́n fipá rán níṣẹ́.

"Kò sí nǹkan tó ṣe ásíìdì!" mo sọ fún ọ̀gá. "Ẹ bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi fọ́ èépá mọ́!"

Ọ̀gá ní kí Àǹtí gbé òòlù. Wọ́n yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó ti wú, ìka ò ká mọ́. Òòlù já bọ́.

"Ẹ má lé àbúrò mi," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi ni. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa lé mi."

Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí èmi gba àgbá. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ òsì na òòlù sí mi.

"Ìyàwó, máa fọ́ ọ kúnná dáadáa. Kí wọ́n má baà tún fura sí ọkọ ẹ."